Ọjọ́ Mọ́kànlá Lábẹ́ Omi

Ọkùnrin náà rò pé obìnrin náà ti dákú ni. Ó na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì sì ti yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ló wà níwájú rẹ̀, iná pupa kékeré kan sì ń tàn fírífírí nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré wọlé.

"Ẹ dákun, ẹ má fẹsẹ̀ kilẹ̀," ni obìnrin náà wí láì gbé orí sókè. "Mo ti ka méjìdínlógójì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa bẹ̀rẹ̀ nìyí."

Ọkùnrin náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi ka ohun tó ń kà tán, tó kọ ọ́ sínú ìwé, tó dìde, tó sì nu eruku kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ló tó rí i pé àlejò òun kò tíì sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí."

"Mo ń retí àṣẹ ni," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ ṣe, pàápàá pọ́ǹpù omi àti fíríìjì, kò sì sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ débi tó máa mú un kánjú. Á kọ́kọ́ fetí sí i, á fọwọ́ kàn án, á tún fetí sí i, kó tó di pé ó tú nọ́ọ̀tì kan. Obìnrin náà ní tirẹ̀, Oníhóró ni wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́, nítorí pé láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, hóró irúgbìn ló ń kà. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ irúgbìn wò fún àwọn àgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí àpò irúgbìn kan tó jáde lọ sóko, òun ló máa bu ọgọ́rùn-ún hóró nínú rẹ̀, táá wò ó bóyá yóò hù, táá sì buwọ́ lu ìwé.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà ló yẹ kó máa mú àwọn ìgò inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n láti àná ló ti ń tutù. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníhóró yára fi ẹ̀yìn dí i. Ó ṣàlàyé pé omi tó wà nínú àwọn ìgò náà, sísè ni òun sè é kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde tán, òun sì da òróró lé e lórí kí afẹ́fẹ́ mìíràn má bàa wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá mi ìgò kan báyìí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti dòfo.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Hóró ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti yọ èéhù funfun kan ṣoṣo, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó nà gbọnrangandan sókè.

"Ṣé ohun tí kò rí afẹ́fẹ́ mí ló ń dàgbà báyìí?" ni ó bi í.

"Àgbàdo tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ìrẹsì gbọ́n jù ú lọ. Oúnjẹ tó wà nínú hóró rẹ̀ ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa na èéhù yìí sókè láti wá afẹ́fẹ́ kàn. Kì í yọ gbòǹgbò, kì í yọ ewé, àfi tó bá débẹ̀."

"Tí oúnjẹ inú rẹ̀ bá wá tán kó tó débẹ̀ ńkọ́?"

Oníhóró wo àwọn ìgò náà. "Á kú," ló wí, ó sì wí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó mọ̀.

Iṣẹ́ wákàtí kan ni kọ́bọ́ọ̀dù náà, Jẹ́jẹ́ sì fi wákàtí mẹ́rin ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá láti wò ó bóyá iná rẹ̀ dúró dáadáa. Ó tún padà wá nítorí nọ́ọ̀tì kan tó ní òun kò rántí bóyá òun dè é. Ẹ̀gbọ́n Oníhóró, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, gbọ́ ìròyìn náà, ó sì béèrè bóyá kọ́bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ lóòótọ́ àbí ọkàn ẹnì kan. Oníhóró ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun jẹun.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ẹni tí ń jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta ọ́fíìsì lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Jẹ́jẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá sọ, ó máa ń dúró sọ́kàn. Ọjọ́ kan ló wò ó títí, tó ní, "Ayọ̀ mi, tí mo bá jẹ́ hóró ni, mo mọ̀ pé o ò ní fò mí kà." Oníhóró ní irú hóró tó lọ́ra báyìí, inú àwọn tí kò hù lòun ń kà á sí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń kọjá lọ fi yíjú.

Lórí bẹ́ǹṣì yìí kan náà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló ń sọ nípa ilé wọn. Ó ní àgbẹ̀ ìrẹsì làwọn òbí òun, oko wọn wà létí odò, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gba irúgbìn tuntun, wọ́n fún un sílẹ̀, òjò ńlá sì rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Omi bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jáde. Bàbá òun kò sì rí òpin ọdún náà.

Oníhóró béèrè irú irúgbìn tí ó jẹ́. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dáhùn, oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ di iyẹ̀pẹ̀. Ó rántí àpò náà dáadáa. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló hù nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló kà á, òun ló sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí ẹjọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ etí odò, ọ̀gá rẹ̀ ní òjò ni kí wọ́n lọ bá wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi owó ara rẹ̀ ra ìgò, tó ń se omi, tó ń da òróró lé e.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sọ ọ́. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, Jẹ́jẹ́ mú ọsàn wá fún un, ó ti bó o sílẹ̀ láti ilé, kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń jẹ ọsàn ẹni tán kó tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́fà. Kò parọ́ kankan, ẹnu ló pa mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Jẹ́jẹ́ bá pè é ní ayọ̀ òun, ńṣe ló máa ń yíjú sí ibòmíràn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Jẹ́jẹ́ ní ìyá òun fẹ́ rí i.

Ilé yàrá méjì ni, kíṣìnnì rẹ̀ sì kọjú sí oko. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò jọ ọmọ rẹ̀ rárá. Ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ yá, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ó fa àga fún Oníhóró, ó bu oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti rù jù. Lẹ́yìn náà ló béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, tayọ̀tayọ̀, pé òun ló ń yẹ irúgbìn wò fún àwọn àgbẹ̀.

Ìyá náà sọ ṣíbí kalẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ká sínú ọ̀rá.

"Bá mi ka ìsàlẹ̀ rẹ̀," ni ó wí. "Ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Oníhóró kò ṣí i. "Èmi ni mo buwọ́ lù ú, mà."

Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi dúró létí omi yẹn. Mo ní kó wálé, ó ní ìwé wà, àwọn tó kàwé ti buwọ́ lù ú. Nígbà tí omi fà, òórùn tó jáde níbẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Kò tún fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Mi ò ní ìwọ lo pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ jẹun lórí tábìlì rẹ̀."

Oníhóró dìde, ó sì kúnlẹ̀. "Inú abọ́ ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà, lórí ìwé tútù, níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Mi ò fi omi bò ó wò. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn mi náà ò sì lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, fífi omi bò ó ni mo ń ṣe. Ẹ má bínú sí mi."

Ìyá náà mú ìwé rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Jẹ́jẹ́ ló mú Oníhóró jáde.

Wọ́n rìn títí dé ẹnu títì kí Jẹ́jẹ́ tó béèrè. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ oko yín lórí bẹ́ǹṣì."

Jẹ́jẹ́ ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan, pẹ̀lú sùúrù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni ó wí. "Mo lè gbé ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ni mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí."

Ó dúró tì í títí bọ́ọ̀sì fi dé, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ń fi obìnrin sílẹ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n kò juwọ́ sí i.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún kọjá láìsí ìró rẹ̀. Oníhóró kò lè jẹun dáadáa. Ó ń ka hóró, ó ń ṣì í kà. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò, á sáré dìde, á sì tún padà jókòó nígbà tó bá rí i pé akọ̀wé ni tàbí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ bẹ̀ ẹ́. Oníhóró ní òun ti bẹ̀bẹ̀, ohun tó kù kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló dúró síbẹ̀, ó gbé páànù kan dání, ó fi aṣọ wé e.

"Mi ò wá wò ọ́," ni ó wí. "Irúgbìn ni mo gbé wá."

Ó ṣí páànù náà. Ìrẹsì ni, hóró rẹ̀ kúrú, ó pupa, irun gígùn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàlàyé kíákíá, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, pé irúgbìn ìyá ọkọ òun ni. Àwọn ará ọ́fíìsì ti sọ fún wọn nígbà kan pé kí wọ́n dà á nù, pé kì í so púpọ̀, pé atẹ́gùn máa ń dá a wó. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í da ohun tí ìyá ọkọ ẹni fúnni nù, nítorí náà lọ́dọọdún lòun ń gbìn ín sẹ́yìn kíṣìnnì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yà rẹ̀ má bàa run. Ó ti tó àpò kan ààbọ̀ báyìí. Onílẹ̀ tó yá wọn ní oko náà ti sọ pé bí ìsàlẹ̀ oko bá tún wà lófìfo lọ́dún yìí, òun máa gbà á fún ẹlòmíràn. Apá tí omi máa ń bò gan-an sì nìyẹn, kò sì sí ọwọ́ tó máa bá a lọ́ ìrẹsì láti ibì kan sí ibòmíràn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Fífún un sílẹ̀ nìkan ló kù.

"O ní o ń fi omi bò ó báyìí," ni ìyá náà wí. "Fi omi bò ó, ká wò ó."

Oníhóró ka ọgọ́rùn-ún hóró nínú páànù náà, ó sì ka ọgọ́rùn-ún mìíràn nínú irúgbìn tí ọ́fíìsì ń fún àwọn àgbẹ̀. Ó fi wọ́n sínú ìgò, ó fi omi sísè bò wọ́n, ó da òróró lé e. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i, nítorí náà ọjọ́ méjì méjì ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá. Wọ́n á jókòó níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, àlàfo àga kan á wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ kejì tó wá, ìyá náà ní ọmọ òun ti tú pọ́ǹpù oníbàárà kan palẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì tò ó pọ̀. "A mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ló ń jẹ́," ni ó wí, ojú rẹ̀ wà lára ìgò, "ṣùgbọ́n eléyìí ti kọjá jẹ́jẹ́." Oníhóró kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

Nígbà tí àyẹ̀wò náà parí, méjìlá péré ló yọ èéhù tó gùn nínú ti ọ́fíìsì. Nínú ti páànù, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni.

Ìyá náà sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fi kàn án. "Kò sí gbòǹgbò," ni ó wí.

"Kò tíì tó àkókò, mà. Ó ń wá afẹ́fẹ́ ná."

"Ìyá ọkọ mi máa ń sọ ọ́. Ó ní ìrẹsì tó bá máa yè nínú omi, kì í wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé, ibi tó máa gbórí sí ló ń wá." Ó yíjú sí i. "Ṣé o máa buwọ́ lù ú?"

"Màá buwọ́ lù ú pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló hù nínú ìgò. Mi ò ní buwọ́ lù ú pé omi oko ò ní pa á. Ìgò yàtọ̀ sí oko, mà."

Ìyá Jẹ́jẹ́ dìde. "Ó dáa," ni ó wí, ó sì di páànù rẹ̀.

Ó fún irúgbìn náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọ̀la rẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Oníhóró gbọ́ ọ lórí páànù òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó débẹ̀, ìsàlẹ̀ oko ti di adágún. Omi pupa rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì sí ohun tó jọ oko níbẹ̀ mọ́.

Jẹ́jẹ́ wà létí omi, ó ti gbé pọ́ǹpù kalẹ̀, okùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fà á. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ jù ẹnikẹ́ni lọ pé odò ti kún dé ìpele oko, pé ohun tí pọ́ǹpù bá fà jáde láàárọ̀, yóò padà wọlé lọ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kó gbé e sílé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un láti jókòó lásán. Nígbà tó rí Oníhóró, ó kí i, bí ènìyàn ṣe ń kí aládùúgbò. Ó ní òun fẹ́ kó àpò yanrìn dí ẹ̀gbẹ́ odò, kí omi mìíràn má bàa wọlé sí i. Oníhóró ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì bá a di ẹnu àpò mú.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá lójoojúmọ́. Ó gún igi kan mọ́lẹ̀ láti máa fi wọn omi. Jíjìn rẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́rin ààbọ̀. Nínú ìgò, ìka mẹ́ta péré ni òun ti dán an wò. Ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọjọ́ karùn-ún tí omi ti bo oko ni Jẹ́jẹ́ tó sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó lórí àpò yanrìn, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún wọn.

"Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó dùn mí," ni ó wí. "Ọdún tí bàbá mi kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àyà ń dun òun. Ó ń jẹun, ó ń dá wa lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín tó bá yẹ. Gbogbo wa ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń kú lọ, a ò mọ̀. Mo ti bá ẹni tó dákẹ́ gbélé rí. Mi ò lè tún bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé."

Oníhóró kò sọ pé kó má bínú. "Ẹ̀rù ló bà mí," ni ó wí. "Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, o ò ní wá mọ́. Mi ò ní dákẹ́ fún ọ mọ́, ohun yòówù kó jẹ́. Tó o bá sì fẹ́, màá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí."

"Bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò mọ̀ bóyá irúgbìn ìyá rẹ máa yè. Omi yìí jìn ju ti ìgò mi lọ. Oúnjẹ inú hóró lè tán kó tó jáde. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá tí a ò bá rí i, á jẹ́ pé ó ti bọ́. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún lè jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kejì."

Jẹ́jẹ́ nawọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹlẹ́rẹ̀ sí ẹlẹ́rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn rárá," ni ó wí, "ṣùgbọ́n o ṣeun."

Ọjọ́ kẹjọ, òjò tún dé. Igi ìwọ̀n ní ìka márùn-ún ti pé. Wọ́n fi àpò yanrìn kún àpò yanrìn títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé àga jáde sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó jókòó, ó ń wo omi, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ba Jẹ́jẹ́ lẹ́rù jù, nítorí pé bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe nìyẹn. Ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó sọ nǹkan kan, ohunkóhun. Ìyá náà ní òun kàn ń ronú pé tí onílẹ̀ bá gba ìsàlẹ̀ oko, òun ò ní mọ ibi tí òun máa kọjú sí láàárọ̀ tí òun bá ń po kọfí. Jẹ́jẹ́ gbé orí rẹ̀ lé orúnkún ìyá rẹ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Oníhóró dùbúlẹ̀ létí omi, ó wò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, omi náà sì dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ bá àwọn méjèèjì, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láì fi nǹkan kan bò. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní kó má padà sílé lọ́jọ́ náà, pé bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ìyá náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ pé bó ṣe wù kó rí, òun máa fi ọwọ́ òun yẹ ilẹ̀ náà wò. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ àti Oníhóró fi jáde, ó ti rìn wọnú omi dé àárín, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

"Nǹkan ń rìn mí lẹ́sẹ̀," ni ó wí.

Wọ́n sáré wọlé bá a. Ó ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Oníhóró tẹ ọwọ́ bọ omi, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú ilẹ̀ kiri, ó sì kàn wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì ń padà nà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ mọ́ omi. Orí wọn ti jáde. Kò ju bí orí abẹ́rẹ́ lọ, àfi kí ènìyàn mọ ohun tó ń wá kó tó lè rí i, ṣùgbọ́n ó ti jáde, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àpò yanrìn.

Ó fa ọ̀kan ṣoṣo yọ, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà. Èéhù funfun náà gùn ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ní òkè rẹ̀, ewé kan ń yọjú, àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ní ìsàlẹ̀, lára hóró tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, gbòǹgbò kékeré kan ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti rí afẹ́fẹ́," ni Oníhóró wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yè. Apá ibi tó sún mọ́ odò, tí omi ti jìn jù, kò hù rárá títí di ìkórè, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n oko tó ní ìdá mẹ́ta, kò sí onílẹ̀ tó máa pè é ní òfìfo. Ìyá Jẹ́jẹ́ wò ó yíká, ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni ó wí, "yéé sunkún. Di apá mi mú kí n jáde, ẹrẹ̀ yìí ti fẹ́ gba bàtà mi."

Jẹ́jẹ́ dúró. "Màámi, mi ò tíì bi í o."

"Kí lo wá ń dúró dè? Ìwọ náà fẹ́ kí omi fà ni?"

Ìyá náà di apá Oníhóró mú, ó jáde, ó sì ń lọ sílé láì wo ẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ bá Oníhóró létí omi. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó rí i pé ṣòkòtò náà dọ̀tí ju ọwọ́ lọ, ó sì pa á tì.

"Ṣé o máa fẹ́ mi?" ni ó bi í.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí," ni Oníhóró dáhùn. "Mi ò fẹ́ fi pa mọ́ fún ọ."

"Ó ń ba èmi náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Màá fẹ́ ọ, Jẹ́jẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, omi tútù dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọn kò mọ̀ bó ṣe pẹ́ tó. Láti ojú fèrèsé kíṣìnnì ni wọ́n ti gbọ́ ohùn ìyá wọn.

"Ẹ jáde nínú omi yẹn kí òtútù tó mú yín. Ìrẹsì ló mọ̀ ọ́n gbé níbẹ̀, ènìyàn kọ́."